Ẹní Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Tóóró

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mo fi ẹní ṣe ọkọ̀, mo fi àjẹ̀ kan ṣoṣo tù ú la òkun kọjá títí dé ìlú Filipínì, mo jẹun ọ̀sán níbẹ̀, mo sun oorun díẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn wọn, mo sì padà délé kí Màámi tó ro ẹ̀bà alẹ́ tán. Ẹ̀bà náà ṣì ń yọ èéfín nígbà tí mo jókòó tì í. Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Dagenham East, ti gbọ́ ìtàn yìí tó ìgbà ogójì, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń bi mí: "Àjàní, omi ò rin ẹní yẹn gbingbin ni?" Èsì mi kì í yàtọ̀: "Ó rin ín. Mo sá a sóòrùn." Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, torí ìwé ni mò ń kọ báyìí, ìwé kì í sì í ṣe ẹnu. N kò dé Filipínì rí. Filipínì ló wá bá wa nílé, ìtàn ọdún kan gbáko náà ni n óò sì rò fún yín.

Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò nílé ìwé: ọdún kan ní kíláàsì kìíní, ọdún méjì ní kíláàsì kejì. Nítorí náà, bí ẹ bá kan ibi tí gbólóhùn ti wọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ, kí ẹ máa lọ. Tábìlì tí mo ti ń kọ̀wé wà lójú fèrèsé, ní àjà kẹrin, ní Barking Riverside níbí. Bí mo bá gbójú sókè, odò ni mò ń rí, àti ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sáàárín Lọ́ńdọ̀n. Odò yìí ò ní òórùn. Ìyẹn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kó débí. Odò tí ò ní òórùn, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó wà láàyè?

Agbo ilé wa wà létí omi níhà Ìjẹ̀bú. Ọ̀sà wà níwájú, òkun wà lẹ́yìn, ilẹ̀ tó pín wọn níyà ò sì fẹ̀ ju ibi tí ọmọdé lè sáré já láì dúró mí. Òkun ló ń rẹ̀ wá lẹ́kún lálaalẹ́, a ò tiẹ̀ fetí sí i mọ́. Ọjọ́ tó bá dákẹ́ díẹ̀ la máa ń ta jí. Ohun tó ń jí wa gan-an ni kùmọ̀ Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí Bàámi, òun ló dàgbà jù lágbo ilé, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ jí. Á ti jókòó ti ìtì igi kan lẹ́bàá ògiri, á máa fi kùmọ̀ lu koríko odò tí wọ́n fi ń hun ẹní, kó lè rọ̀, kó sì tẹ́: gbì, gbì, gbì. Bí inú rẹ̀ bá dùn, kùmọ̀ náà á máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnì kan bá ti ṣẹ̀ ẹ́ lánàá, gbogbo ilé á ti mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, oníkálukú á sì máa yẹ ara rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà la óò gbọ́ àjẹ̀ tó ń kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kò, kò, àwọn ọkùnrin ń ti ibi ẹja bọ̀. Kò ní pẹ́ tí ọ̀rá ẹja á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú iná, ṣíì, ṣíì, èéfín á sì wọ inú ohun gbogbo: aṣọ wa, irun wa, ìwé mi tí n kò kà. Olùkọ́ wa máa ń sọ pé òun lè fi imú pe orúkọ àwọn ọmọ ilé wa láì gbójú sókè.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kó èèpo àgbọn sábẹ́ ẹja, kí n máa yí ẹja lójú iná, kí n sì máa lé ológbò. Iṣẹ́ kẹta yìí ni mo ṣe dáadáa jù, torí èmi àti ológbò náà ti jọ ní àdéhùn. Oúnjẹ wa ò le: ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja tútù, ìkọ́kọrẹ́ tí ẹja gbígbẹ àti edé kún inú rẹ̀, ọ̀jọ̀jọ̀ lọ́jọ́ tí ara bá dẹ Màámi. Ìyá Àgbà ní òfin kan nídìí àwo. Ó ní orí ẹja kì í ṣe ti ọmọdé, pé ọmọ tó bá ń jẹ orí ẹja, ẹ̀gbẹ́ ni ojú rẹ̀ á máa wò bí ti ẹja. Mo ti ní ìyàwó nílé kí n tó mọ̀ pé ìyá yìí kàn fẹ́ràn orí ẹja ni.

Ọwọ́ ni gbogbo ilé wa fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin àti ọwọ́ obìnrin kì í pàdé lórí iṣẹ́ kan. Ọkùnrin ló ń so àwọ̀n, obìnrin ló ń hun ẹní. Ọmọkùnrin tó bá pẹ́ jù níbi tí wọ́n ti ń hun ẹní, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ìyàwó, wọ́n á máa bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀ wá mú un lọ sílé ọkọ. Nínú gbogbo ẹní, èyí tó ga jù ni ẹní ìyàwó. Lágbo ilé tiwa, bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé ló gbọ́dọ̀ hun ẹní tó máa gbé lọ, ọwọ́ kan ṣoṣo láti orí dé ẹsẹ̀. Ọwọ́ kejì ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Wọ́n ní bí ọwọ́ méjì bá hun ẹní ìyàwó, ilé yẹn á ní olórí méjì, wọn ò sì ní fohùn ṣọ̀kan láé. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Àǹtí Bísí ló ń lọ sílé ọkọ, ní ìlú kan tó wà lódìkejì ọ̀sà. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Òkè-Odò, ni obìnrin tó mọ ẹní hun jù létí omi náà. Ó lè fi ẹsẹ̀ tẹ ẹní nínú òkùnkùn, kó sọ ẹni tó hun ún fún ọ, kó tún sọ ohun tí onítọ̀hún jẹ kó tó hun ún.

Ọdún yẹn kan náà ni Bàámi, tó ń bá wọn já ẹrù ọkọ̀ ní èbúté Èkó, gbé Nándì wálé. Alásè inú ọkọ̀ òkun ni Nándì, ọmọ Filipínì, ó kúrú, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín tán kó tó sọ̀rọ̀. Ibà ló dá a dúbúlẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ò lè dúró dè é, wọ́n ní àwọn á padà wá mú un lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bàámi ní, "Ẹni tó ń se oúnjẹ fún ogójì èèyàn, kò yẹ kí ebi pa á kú sí èbúté." Ẹ̀yìn Bàámi ló wà, bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n, tó fi dé ilé wa. Ìyá Àgbà fi àgbo lé ibà náà jáde lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin Nándì ní ebi ń pa òun. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn tó fi ń bú èèyàn ní Ìjẹ̀bú, ó sì mọ̀ ọ́n bú débi pé àwọn tí wọ́n bí sílùú wa máa ń wá yá èébú lọ́wọ́ rẹ̀ láti lọ fi bá ara wọn jà.

Ẹja ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Ìyá Àgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Nándì kó ẹja wẹ́wẹ́, ó la ẹ̀yìn wọn bí ẹni ṣí ìwé, ó rì wọ́n sínú omi iyọ̀, ó sì tẹ́ wọn sórí àtẹ oparun nínú oòrùn. Ìyá Àgbà dúró tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Kí lo sá síbẹ̀ yẹn?"

"Ẹja ni, Ìyá."

"Mo rí i pé ẹja ni. Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́ tóo fi sá a bí aṣọ?"

Nándì ṣàlàyé. Ó ní nílùú tàwọn, létí òkun, ẹnikẹ́ni kì í yan irú ẹja kékeré bẹ́ẹ̀. Oòrùn àti iyọ̀ ló ń tọ́jú ẹ̀. Láàárọ̀ wọ́n á dín in gbẹ, wọ́n á fi jẹ ìrẹsì, wọ́n á máa tì í bọ inú ẹmu àgbọn tó ti kan gógó. Ìyá Àgbà mi orí.

"Ẹja tí ò gba èéfín, àlejò ni nínú ọbẹ̀."

"Àlejò lèmi náà, Ìyá, ẹ sì ń fún mi lọ́bẹ̀ jẹ."

Ìyá Àgbà wò ó títí. "Ibà yẹn ì bá má tíì lọ," ló wí, ó sì kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, mo rí i tó gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ náà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń lé eṣinṣin. Ó ní òun kàn ń sinmi níbẹ̀ ni. Ọjọ́ méjì ló fi sinmi. Nígbà tí Nándì dín ẹja náà, ó mú ẹyọ kan, ó ní, "Iyọ̀ pọ̀ jù." Ó mú ìkejì kó lè dá a lójú. Nígbà tó kan ìkẹfà, ó ní iyọ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Bí àwọn nǹkan Nándì ṣe ń wọlé wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ó gún edé wẹ́wẹ́ mọ́ iyọ̀, ó dé e mọ́nú ìkòkò, ó ní a ò gbọdọ̀ ṣí i fún oṣù kan. Kí oṣù tó pé, àwọn ará ilé kejì rán èèyàn wá béèrè bóyá nǹkan kú sọ́dọ̀ wa. Màámi dá wọn lóhùn pé ẹni tó ń fi irú sọ́bẹ̀ ò lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ òórùn, ó sì bu díẹ̀ fún wọn. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n gbé abọ́ padà wá pé kó kún un. Nándì tún fi omi àgbọn se ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́wọ́, ó wé e sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sè é lẹ́ẹ̀kejì, ó pè é ní sumán. Ìyá Àgbà ò jẹ́ kó pé ọjọ́ kan kó tó yí i lórúkọ padà, ó ní ẹ̀kọ aláṣejù ni. Ọkọ̀ wa pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó so oparun mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì bí apá méjì, ó ní bẹ́ẹ̀ ni tàwọn ṣe máa ń rí, pé ìgbì kankan ò lè dojú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé. Bàámi yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. "Ọkọ̀ tó na apá méjèèjì báyìí," ló wí, "ó jọ pé ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba òun là. Ẹlòmíràn ni kó wọ̀ ọ́."

Ṣùgbọ́n ẹní ni mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ tí Nándì kọ́kọ́ rí àwọn obìnrin wa nídìí ẹní, ó jókòó sáàárín wọn láì dúró kí ẹnikẹ́ni pè é. Ó ní àwọn náà ń hun ẹní nílé, bánìg lorúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ewé gígùn kan tó ń hù létí òkun ni, ẹ̀gún wà létí rẹ̀. Wọ́n á bọ́ ẹ̀gún náà kúrò, wọ́n á sá ewé náà, wọ́n á lù ú kó rọ̀, wọ́n á là á ní fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á pa á láró, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ òdòdó. Lásìkò òjò, gbogbo ilé á jókòó yí i ká, wọ́n á máa hun, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀.

"Gbogbo ilé?" Màámi bi í. "Tọkùnrin tobìnrin?"

"Ọkùnrin tó bá ní ìka, Màámi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi jókòó lé ọbẹ̀ tó gbé sẹ́yìn. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìka Nándì.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe Ìyá Àgbà. Kùmọ̀ rẹ̀ ti yí ohùn padà. Á lu koríko lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́, á tún tó ìgbà díẹ̀ kó tó lù ú lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tó kù nílé rò pé inú dídùn ni. Ẹní Àǹtí Bísí ti dúró lójú kan láti oṣù tó kọjá. Bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn, á ká a, á ní, "Ó kù díẹ̀." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wọ ahéré tí a ti ń yan ẹja láti mú èèpo àgbọn, mo sì bá a níbẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi gbígbóná, ìka rẹ̀ ti ká jọ. Kò lé mi jáde. Ó ní, "Àjàní, wo ìka mi. Wọ́n ti di ti akàn. Wọ́n ń di nǹkan mú, wọn ò rántí bí wọ́n ṣe ń jọ̀wọ́ ẹ̀."

Mo ní kí n lọ pe Màámi. Ó ní kí n jókòó. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ìdajì ẹní ló wà nílẹ̀ yẹn. Bí òun bá là á fún wọn pé ọwọ́ òun ti kọṣẹ́, wọ́n á tú u sọnù, ẹni tó tẹ̀ lé òun lágbà á bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti orí, ọjọ́ tó kù kí wọ́n mú ìyàwó lọ ò sì ní tó o. Bísí á wọ ilé ọkọ láì gbé ẹní ilé rẹ̀ dání, níwájú ìyá ọkọ tó mọ ẹní ju ẹnikẹ́ni lọ, wọ́n á ní kò ní àgbà nílé. "Èmi náà ńkọ́? Kò sí ọmọbìnrin tó jáde nílé yìí tí n kò hun ẹní rẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní kí n lọ jókòó sóòrùn. Èmi kì í ṣe ẹja Nándì."

Ibẹ̀ ni Nándì ti yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó na ọwọ́. "Ìyá, ẹ gbé e wá."

"Ọwọ́ kejì ni."

"Ọwọ́ tèmi ò kà. Bí ọkọ̀ mi bá dé, ọwọ́ náà á bá mi lọ."

Ìyá Àgbà ro ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni tó ń yọ egungun ẹja lẹ́nu. Ó gbé ẹní náà fún un. Láti ọjọ́ yẹn, ní gbogbo ọ̀sán tí àwọn obìnrin bá ti kó ẹja lọ sọ́jà, wọ́n á wọ inú ahéré, èmi á dúró sẹ́nu ọ̀nà máa ṣọ́nà. Ẹnu ni Ìyá Àgbà fi ń hun ún, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń gbọ́ràn. "Gba abẹ́ méjì. Gun orí ọ̀kan. Fà á. Mo ní fà á, n kò ní kí o fún un lọ́rùn." Èéfín ń ta wá lójú, a ò sì lè ṣílẹ̀kùn. Ahéré náà há tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti hun ibì kan tán, wọ́n á ká a kúrò nílẹ̀ kí ààyè lè wà fún òmíràn. Ibi àṣìṣe nìyẹn. Ewé tí Nándì mọ̀ nílùú wọn le, ó ń fẹ́ kí wọ́n fà á gidi. Koríko odò tiwa rọ̀, bí o bá fà á gidi, á sún jọ. Kò sẹ́nìkankan nínú àwa mẹ́ta tó rí ẹní náà ní títẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, títí Ìyá Àgbà fi fi eyín já fọ́nrán tó kẹ́yìn.

Ọjọ́ tí àwọn àna dé, wọ́n tẹ́ ẹní náà sáàárín agbo ilé, lójú gbogbo èèyàn. Ó ń ṣí bọ̀, ó ń ṣí bọ̀, ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀. Orí rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Láti àárín ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún jọ, nígbà tó fi máa dé ẹsẹ̀, ó ti dín ní ìbú ọwọ́ kan àti àtàǹpàkò. Ó jọ ẹja obòkún tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan lápá ọ̀dọ̀ ọkọ ìyàwó wúkọ́, ìwúkọ́ náà ò sì jọ ìwúkọ́. Àǹtí Bísí wolẹ̀. Ìyá Àgbà ti kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìró.

Ìyá Òkè-Odò dìde. Ó bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ẹní náà láti orí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ka koríko ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé àárín, ó dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó tún gbé e síwájú, ó tún gbé e sẹ́yìn. Ó wo ojú Ìyá Àgbà.

"Ẹ̀yin lẹ hun ún, Ìyá?"

"Èmi ni."

Obìnrin náà wo ibi tí ọwọ́ Ìyá Àgbà fara pamọ́ sí. Kò ju bí ìgbà téèyàn ń mí lẹ́ẹ̀mejì lọ, ṣùgbọ́n mo dàgbà ọdún kan láàárín ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Kí lẹ ń wúkọ́ sí?" ló bi wọ́n. "Ẹ ò mọ nǹkan kan. Irú ẹní yìí ni ìyá tó bí ìyá mi gbé lọ sílé ọkọ. Ẹní ìgèrè ni wọ́n ń pè é. Ṣé ẹ mọ ìgèrè tí a fi ń dẹ ẹja? Ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ìdí rẹ̀ tóóró: ẹja rọ́nà wọlé, kò rọ́nà jáde. Orí ẹní yìí gbòòrò kí ọmọ rọ́nà wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tóóró kí ire tó bá wọlé má rọ́nà jáde. Mo rò pé gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n hun ti kú tán." Ó wá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó dúpẹ́. Àwọn tó ń wúkọ́ náà kúnlẹ̀.

Mo ti gbọ́ irọ́ kó tó dọjọ́ yẹn, mo tiẹ̀ ti pa díẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí irọ́ tó dúró ṣánṣán báyìí rí, tó ní ìdí, tó ní ìyá àgbà nínú, tí ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ilé ìwé tí mo parí nìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, Ìyá Òkè-Odò yọ́ wá bá Ìyá Àgbà nínú ahéré ẹja, mo sì wà lẹ́yìn òkìtì èèpo àgbọn.

"Ìyá, ọwọ́ ọkùnrin ló hun ìdajì ìsàlẹ̀ yẹn."

Ìyá Àgbà tún ki ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ ìró.

"Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹní tí ọmọ tèmi gbé lọ sílé ọkọ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, bàbá ẹ̀ ló parí ẹ̀. Ojú ló ń ṣú mi. Ó ń hun, ó ń bú mi, ó ní bí àwọn ẹgbẹ́ òun nínú ọkọ̀ bá gbọ́, òun á kọ̀ mí."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Ìyá Àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kò hun ẹní mọ́ láti ọjọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó ní kó lọ jókòó sóòrùn. Àwọn ìyá ìyàwó ń ti òdìkejì ọ̀sà wá bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń hun ẹní ìgèrè. Á ní àṣírí ilé ni. Wọ́n á wá kọjá sọ́dọ̀ Ìyá Òkè-Odò, obìnrin náà á jókòó, ẹni tó ti ń hun ẹní tó gún régé láti kékeré, á máa fi òógùn kọ́ bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́.

Ó wá ku ibi tí mo ti purọ́. Àǹtí Bísí ṣì ní ìyókù ẹní náà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní Dagenham East, ó ti gbó, ó ti já létí. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ní kí àwọn àgbà jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Castle Green, ẹní yìí ló máa ń sọ, ẹní ìkẹyìn tí ọwọ́ Ìyá Àgbà hun láti orí dé ẹsẹ̀. Èmi á jókòó sẹ́yìn, máa ṣe Àmín. Ọ̀rọ̀ náà ò wúwo fún mi rí tó bó ṣe wúwo lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá yìí.

Nándì kò dé agbo ilé wa rí. Barking Riverside níbí ló ń gbé, abẹ́ mi gan-an, àjà kẹta. Ilé ìwòsàn ló ń bá ṣiṣẹ́, òun ló ń ti ibùsùn àwọn aláìsàn káàkiri. Ọmọ ìlú kan létí òkun Filipínì ni lóòótọ́. Ẹja sísá, edé oníyọ̀, ìrẹsì inú ewé, ọkọ̀ alápá méjì, òun ló fi ẹnu sọ wọ́n fún mi tàbí tó fún mi jẹ. Ó máa ń jókòó sí báákónì rẹ̀, á máa hun bánìg, okùn rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di páálí ló ń lò, torí ewé wọn ò hù létí odò yìí. Àwọn tó ń lọ wọkọ̀ ojú omi ń kọjá, wọ́n ń rí i, ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ẹní lórí itan, ojú ò sì tì í. Lọ́jọ́ kan lẹ́ẹ̀rùn náà tí mo jókòó tì í, fóònù rẹ̀ dún, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi di etí ẹní yìí mú." Nígbà tó fi máa padà dé, mo ti hun tó ìbú ọwọ́ kan. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní mo mọ̀ ọ́n hun, ó ní mo kàn ń fà á jù.

Mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo gun òkè padà sílé mi, n kò sì lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Kò sí alásè ọkọ̀ kankan lẹ́nu ọ̀nà ahéré yẹn. Èmi àti Ìyá Àgbà nìkan ló wà níbẹ̀. Bàámi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń so àwọ̀n ni, bí mo sì ṣe ń fa okùn àwọ̀n ni mo ṣe ń fa koríko. Ìyá Àgbà ní kí n ṣèlérí pé n kò ní sọ nígbà tí òun bá wà láyé, mo sì ṣèlérí. Lẹ́yìn tó lọ, ìlérí kọ́ ló pa mí lẹ́nu mọ́ mọ́, ìtìjú ni, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ìyàwó. Nígbà tí mo dàgbà kọjá ìyẹn, ẹ̀rù tún ń bà mí kí n má baà gba ẹní náà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ṣẹ̀rí. Bí ẹ bá ti yọ Nándì àti àwọn nǹkan rẹ̀ kúrò, gbogbo ohun tó kù nínú ìtàn yìí, bó ṣe rí náà ni mo ṣe kọ ọ́, títí dórí irọ́ Ìyá Òkè-Odò.

Àǹtí Bísí, ìdajì òkè, ibi tí ẹ ń gbé orí lé, ti Ìyá Àgbà ni. Ìdajì ìsàlẹ̀, ibi tí ẹ ń na ẹsẹ̀ sí, èmi ni mo hun ún.